Ẹ Fàyè Gba Ọmọ Ìyá Yín: Ẹ̀kọ́ Lórí Ẹ̀tọ́ Àwọn Aláàbọ̀ Ara



 



Bí a bá lọ kírun Jímọ̀ ní ọ̀pọ̀ mọ́sálásí ńlá nílẹ̀ Yorùbá, a óò rí afọ́jú, arọ àti amúkùn-ún ní ẹnu ọ̀nà. A máa ń fún wọn ní sàráà bí a ti ń wọlé, sàráà sì ní láádá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá pe ìkámà, mélòó nínú wọn ni ó máa ń bá wa dúró ní sáfù? Bí ẹnì kan nínú wọn bá fẹ́ wọlé, báwo ni yóò ṣe gun àtẹ̀gùn gíga tí a mọ síwájú mọ́sálásí? Bí adití bá jókòó sáàárín wa, kí ni yóò mú lọ sílé nínú kùtúbà? Ọ̀tọ̀ ni sàráà ẹnu ọ̀nà, ọ̀tọ̀ ni àyè inú ilé. Àyè inú ilé yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lé lórí.

1. KÍ NI ÌFÀYÈGBÀ TÓ BỌ́GBỌ́N MU?

Nínú òfin ayé òde òní, ọ̀rọ̀ kan wà tí a lè pè ní ìfàyègbà tó bọ́gbọ́n mu. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí aláàbọ̀ ara kan bá fẹ́ kàwé, tàbí kí ó ṣiṣẹ́, tàbí kí ó jọ́sìn, tàbí kí ó wọ ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, kí a ṣe àtúnṣe tí ó yẹ sí ètò tàbí sí ilé náà, kí òun náà lè ṣe é bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe é, níwọ̀n ìgbà tí àtúnṣe náà kò bá ti di ẹrù tí apá ẹni tí yóò ṣe é kò ká.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun mẹ́ta nínú ìtumọ̀ yìí. Èkíní, ọ̀rọ̀ ẹnì kan pàtó ni. Ohun tí afọ́jú nílò kọ́ ni adití nílò, kódà afọ́jú méjì lè nílò ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èkejì, ètò tàbí ilé ni a ń tún ṣe, a kò ní kí ẹni náà lọ tún ara rẹ̀ dá. Ẹ̀kẹta, ó ní ìwọ̀n. A óò dé orí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí níwájú.

Ẹ má ṣe pa èyí pọ̀ mọ́ sàráà. Ẹni tí ó ń ṣe sàráà lè fún ènìyàn lónìí kí ó má fún un lọ́la, kò sì sí ẹni tí yóò mú un. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ni ti ìfàyègbà. Ọlọ́hun Ọba pa á láṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ nínú Súrà Al-Mujādilah (58:11) pé bí wọ́n bá ní kí wọ́n fàyè sílẹ̀ nínú ìjókòó, kí wọ́n fàyè sílẹ̀, Ọlọ́hun yóò sì fàyè gba àwọn náà. Nípa ìjókòó lọ́dọ̀ Ànábì ni àwọn onímọ̀ sọ pé àyà náà sọ̀kalẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kárí: ẹni tí ó ti rí ibi jókòó ni ó yẹ kí ó sún fún ẹni tí kò tíì rí.

Àwọn àgbà wa ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ìwà ọmọlúàbí ni òwe yìí fi kọ́ wa, kí a má baà dójú ti ẹni tí ara rẹ̀ kù díẹ̀. Ó bá ohun tí Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Súrà Al-Hujurāt (49:11) mu, níbi tí Ó ti ní kí àwọn ènìyàn kan má ṣe fi àwọn mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́, kí wọ́n má sì ṣe máa pe ara wọn ní orúkọ burúkú. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ òwe náà di ìdákẹ́jẹ́ pátápátá. Wọn kò ka ìka rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọn kò tún bi í léèrè ohun tí ìka mẹ́sàn-án náà kò lè gbé. Kí a má fi ṣe yẹ̀yẹ́ dára, kí a wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Kí ni ẹ fẹ́ kí a ṣe tí yóò fi rọrùn fún yín?” ni ó kù.

2. LÁDÀÁNÌ TÍ KÒ RÍRAN

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Abdullāh ọmọ Ummu Maktūm, sàhábé tí ó jẹ́ afọ́jú. Ó wá bá Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) láti kọ́ ẹ̀kọ́ ní Mákà, nígbà tí Ànábì ń bá àwọn ọlọ́lá Kùráéṣì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìrètí pé wọn yóò gba ẹ̀sìn. Ànábì fa ojú ro, ó sì yíjú kúrò, Ọlọ́hun sì sọ Súrà ʿAbasa kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kíyè sí i pé afọ́jú náà kò rí ìfajúro yẹn. Kò fi ẹjọ́ sùn. Síbẹ̀, Ọlọ́hun kò jẹ́ kí ó kọjá lásán, Ó sì sọ ọ́ di àyà tí a óò máa kà nínú ìrun títí ayé yóò fi parí.

Ọ̀pọ̀ wáàsí máa ń dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ síwájú, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ní Mẹ̀dínà ni ó kan ẹ̀kọ́ wa jù. Ànábì fi Ibn Ummu Maktūm ṣe ládàánì pẹ̀lú Bilāl. Nínú hádíìsì tí Bukhārī gbà wá, Bilāl ni ó máa ń pe ìrun nígbà tí òru kò tíì tán, Ànábì sì sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa jẹ kí wọ́n sì máa mu nìṣó títí Ibn Ummu Maktūm yóò fi pe tirẹ̀. Ìyẹn ni pé ohùn afọ́jú ni gbogbo ìlú fi ń dá sàárì dúró, òun ni wọ́n sì fi ń mọ̀ pé àkókò Àsùbáà ti wọlé.

Báwo ni ẹni tí kò ríran ṣe ń mọ̀ pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ti là? Hádíìsì náà dáhùn: kì í pe ìrun àfi bí wọ́n bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ yìí wò bí ẹni tú ẹrù. Kí ni iṣẹ́ ládàánì? Kí ó fi ohùn rere pe ènìyàn wá sí ìrun ní àkókò. Kí ni Ibn Ummu Maktūm ní? Ó ní ohùn, ó ní ìmọ̀, ó ní òótọ́ inú. Kí ni ó kù? Ojú tí yóò fi wo sánmà. Ṣé wíwo sánmà gan-an ni iṣẹ́ náà? Rárá o, ọ̀nà tí a ń gbà mọ àkókò ni, ẹlòmíràn sì lè bá a wò ó. Èló ni ó ná ìjọ? Gbólóhùn kan péré láràárọ̀. Ìfàyègbà tó bọ́gbọ́n mu nìyẹn, ní ohun tí ó lé ní 1,300 ọdún kí àwọn amòfin tó fún un lórúkọ.

Kò tán síbẹ̀. Bí Ànábì bá ń rin ìrìn-àjò ogun, ó fi Ibn Ummu Maktūm sílẹ̀ ní Mẹ̀dínà lọ́pọ̀ ìgbà láti máa ṣe lèmọ́ọ̀mù fún àwọn tó kù nílé. Ẹni tí wọ́n yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Mákà ni wọ́n wá ń kírun lẹ́yìn rẹ̀ ní Mẹ̀dínà.

3. “NÍBO NI ÌWỌ FẸ́?”

Sàhábé mìíràn ni ʿItbān ọmọ Mālik. Lèmọ́ọ̀mù ni láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá máa ń kún àfonífojì tí ó wà láàárín ilé rẹ̀ àti mọ́sálásí wọn, kò sì ní lè kọjá. Ó lọ bá Ànábì, ó ṣàlàyé, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá kírun nínú ilé òun, kí òun lè fi ibẹ̀ ṣe ibi ìrun. Ní ọjọ́ kejì, bí oòrùn ti gòkè, Ànábì dé pẹ̀lú Abū Bakr. Kí ó tó jókòó rárá, ó béèrè lọ́wọ́ ʿItbān pé ibo nínú ilé náà ni ó fẹ́ kí òun ti kírun. ʿItbān fi igun kan hàn án, Ànábì sì kí ràkáà méjì níbẹ̀, wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni ó yẹ kí a mú níbẹ̀. ʿItbān ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò fi ìtìjú bo ohun tí ó ń ni ín lára. Ànábì kò bá a jiyàn, kò sì ní kí ó lọ mú ẹlẹ́rìí wá pé ojú rẹ̀ kò ríran tó. Pàtàkì jù, Ànábì kò yan ibi tí ó wu òun, ó béèrè. Ẹni tí ó kàn ni ó mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fi ìfẹ́ ṣe ohun tí aláàbọ̀ ara kò béèrè, tí a óò sì fi ohun tí ó béèrè sílẹ̀.

4. Ọ̀RANYÀN KÒ YẸ̀, Ọ̀NÀ NI Ó Ń YÍ PADÀ

Jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ ʿImrān ọmọ Husayn lẹ́nu, ó sì bi Ànábì léèrè nípa ìrun. Ànábì ní kí ó kí i lórí ìdúró. Bí kò bá lè dúró, kí ó kí i lórí ìjókòó. Bí kò bá lè jókòó, kí ó kí i lórí ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀. Ìrun kò bọ́ lọ́rùn rẹ̀, láádá rẹ̀ kò sì dín. Ọ̀nà tí ó ń gbà kí i ni a yí sí ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà nínú Súrà Al-Baqarah (2:286), níbi tí Ọlọ́hun ti jẹ́ kí a mọ̀ pé Òun kì í di ẹrù tí ó ju agbára ẹ̀mí kan lọ rù ú.

Kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan ni ó ń yí padà. Ìjọ pàápàá ń yí padà. Nígbà tí wọ́n wá fi ẹjọ́ sùn pé lèmọ́ọ̀mù kan ń fa ìrun gùn, inú bí Ànábì gidigidi, ó sì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá ń ṣe lèmọ́ọ̀mù mú un fúyẹ́, nítorí pé aláìlera, arúgbó àti ẹni tí ó ní bùkátà wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀, bí ó bá gbọ́ igbe ọmọdé nínú sáfù, a máa dín ìrun kù kí ìyá ọmọ náà má baà wà nínú ìnira. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ rí i pé igbe ọmọ ọwọ́ kan tó ohun tí a fi ń tún ètò ìjọ ṣe.

Àwọn onímọ̀ fíkíìhì náà kò fi odi sílẹ̀. Wọ́n gbà pé ìfọwọ́júwe odi, bí ó bá yéni, dúró bí ọ̀rọ̀ ẹnu nínú òwò, ìgbéyàwó àti ohun tí ó jọ ọ́. Ìjọba Ottoman kọ ìlànà yìí sínú ìwé òfin wọn tí wọ́n ń pè ní Mejelle, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1869 sí 1876. Ṣáájú wọn, Khalífà Al-Walīd ọmọ ʿAbdul-Malik, tí ó jọba láti 705 sí 715, ti yan amọ̀nà fún àwọn afọ́jú àti ìránṣẹ́ fún àwọn arọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn Mùsùlùmí ti kọ ọ́. Nígbà tiwa yìí náà, Sheikh ʿAbdul-ʿAzīz ọmọ Bāz pàdánù ojú rẹ̀ nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ 20 ọdún. Àwọn ènìyàn ń ka ìwé sí i létí, ó ń sọ, wọ́n ń kọ. Láti 1993 títí ó fi kú ní 1999, òun ni Múfútì àgbà fún ilẹ̀ Saudi Arabia. Bí wọ́n bá ti ní kí ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni, ta ni ìbá mọ̀ ọ́n?

5. ÌDẸ̀RA KÌ Í ṢE ÌLẸ̀KÙN TÍTÌ

Ibi kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ọlọ́hun sọ nínú Súrà Al-Fath (48:17) pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn afọ́jú, arọ àti aláìsàn bí wọn kò bá jáde lọ sógun. Ìdẹ̀ra ni èyí fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń fi ìdẹ̀ra yìí tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọn a ní, “Ìwọ sáà jókòó sílé, Ọlọ́hun ti gbà fún ọ.”

ʿAmr ọmọ Al-Jamūh jẹ́ amúkùn-ún. Nígbà tí ogun Uhud ku sí dẹ̀dẹ̀, ní 625, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kí ó má lọ, pé Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún un. Ó gbé ẹjọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ Ànábì. Ànábì sọ fún un pé òótọ́ ni, kì í ṣe ọ̀ranyàn fún un. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n má ṣe dí i lọ́wọ́. ʿAmr lọ, ó sì kú ikú ṣàhíìdì níbẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́hun dẹ̀ ẹ́ fún ni ó ni ìdẹ̀ra. Bí ó bá fẹ́ lò ó, kí ó lò ó, bí ó bá sì fẹ́ bá wa lọ, ọwọ́ wa kọ́ ni kíkọ̀ wà.

6. OHUN TÍ ÒFIN ILẸ̀ SỌ

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ìfàyègbà yìí ti kọ́kọ́ wọ inú òfin Amẹ́ríkà. Ní 1972, wọ́n fi í sínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wọn pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fàyè gba ìjọsìn òṣìṣẹ́ rẹ̀, bí kò bá ti ni iṣẹ́ náà lára jù. Láti ibẹ̀ ni ó ti kan àwọn aláàbọ̀ ara, nínú àwọn ìlànà tí wọ́n gbé jáde lábẹ́ òfin 1973, àti nínú òfin ńlá tí Ààrẹ George Bush bu ọwọ́ lù ní 26 July 1990. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kan èyí ni pé àwa Mùsùlùmí ni a sábà máa ń béèrè irú àyè bẹ́ẹ̀: àyè láti lọ kí Jímọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, àyè láti lo híjáàbù, àyè láti ṣínu ní àsìkò. Bí a bá gbà pé ẹ̀tọ́ wa ni, báwo ni a ó ṣe wá fi irú rẹ̀ du ọmọ ìyá wa tí ó fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ mọ́sálásí?

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní oṣù December 2006. Àdéhùn náà sọ ọ́ kedere pé bí a bá kọ̀ láti ṣe ìfàyègbà tó bọ́gbọ́n mu fún ènìyàn, ìyàsọ́tọ̀ ni a ṣe sí i. Nàìjíríà bu ọwọ́ lù ú ní 2007, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, ó sì dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn. Ní oṣù January 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lu òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Nínú òfin yìí:

(a) Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ lè san ìtanràn ₦1,000,000. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè san ₦100,000, tàbí kí ó fi oṣù 6 jura, tàbí kí ó gba méjèèjì.

(b) Wọ́n fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí aláàbọ̀ ara lè gbà wọlé. Ọdún 5 yẹn pé ní January 2024.

(d) Ilé-iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 5 nínú 100 àyè iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara tí wọ́n kúnjú òṣùwọ̀n.

Ní ti ìdánwò, láti 2017 ni JAMB ti ní ètò ọ̀tọ̀ fún àwọn afọ́jú tí wọ́n fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹni tí ó bá mọ ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran tí àwọn òbí rẹ̀ sì ti sọ ìrètí nù, kí ó lọ sọ fún wọn.

7. IBI TÍ ÌWỌ̀N RẸ̀ MỌ

Ẹ̀sìn wa jẹ́ ẹ̀sìn ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, òfin náà sì ní ìwọ̀n. Bí ẹnì kan bá béèrè àtúnṣe, ìbéèrè mẹ́rin ni kí a bi ara wa. Kí ni ojúlówó iṣẹ́ tàbí ìjọsìn tí ó fẹ́ ṣe? Kí ni ó ń dí i lọ́wọ́ gan-an? Àtúnṣe wo ni yóò mú ìdíwọ́ náà kúrò? Ǹjẹ́ apá wa ká a, bí kò bá sì ká a, èwo ni ó súnmọ́ ọn jù tí apá wa ká?

Ìbéèrè kìíní ni ó ń fi hàn pé a kò ní fi afọ́jú ṣe awakọ̀, nítorí ìríran ni ojúlówó iṣẹ́ awakọ̀. Ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ bá ń wá akọ̀wé, tí ó sì kọ arọ nítorí pé ọ́fíìsì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, gígun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ́ ni iṣẹ́ akọ̀wé. Kí wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ìbéèrè kẹrin ni ti agbára. Ohun tí a óò retí lọ́wọ́ mọ́sálásí gbogbogbò ìlú kò lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ohun tí a óò retí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kékeré. Àmọ́ kí a má fi “owó kò sí” bo ojú. Ìjọ tí ó rí owó ra ẹ̀rọ amúlétutù tí ó sì ní kò sí owó sìmẹ́ńtì tí yóò fi ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ó tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbọ́.

Àwọn kan máa ń béèrè pé ṣé kì í ṣe ojúsàájú ni bí wọ́n bá fi àkókò kún ti afọ́jú nínú ìdánwò? Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń dáhùn, máàkì kan náà ni wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n ìka ni afọ́jú fi ń ka Braille, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, ojú sì yá ju ìka lọ. Ìmọ̀ ni ìdánwò náà fẹ́ wọ̀n. Bí wọ́n bá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kò tíì ka ìbéèrè tán, kí ni wọ́n wọ̀n?

8. OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA LÈ BẸ̀RẸ̀ NÍSINSÌNYÍ

(a) Fún ẹni tí kò lè rìn: Kí a ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn mọ́sálásí. Kí ó má ṣe ga bí òkè: bí àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí ọ̀nà náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Kí a fi aṣọ àti omi sí ẹnu ọ̀nà láti nu táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dípò kí a ní ó di ẹlẹ́gbin. Kí a fi àga sí ibi àlùwàlá kan, kí ẹnu ẹ̀rọ omi ibẹ̀ sì wà níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè tó.

(b) Fún adití: Kí a wá ẹni tí ó gbọ́ èdè ọwọ́ láti máa túmọ̀ kùtúbà àti wáàsí, kí ó dúró níbi tí iná tàn sí. Bí a kò bá tíì rí i, kí a kọ kókó ọ̀rọ̀ sínú ìwé fún wọn ṣáájú. Kí àwọn mélòó kan nínú wa lọ kọ́ èdè náà. Bí a ti ń kọ́ Lárúbáwá láti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun, kí a kọ́ èyí láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá wa.

(d) Fún afọ́jú: Kí olùkọ́ máa ka ohun tí ó bá kọ sára bọ́ọ̀dù jáde. Al-Qur'ān wà ní Braille. Bí ẹ bá fẹ́ mú afọ́jú dání, ẹ má ṣe fa ọ̀pá rẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun di ìgbọ̀nwọ́ yín mú, kí ẹ sì máa sọ fún un bí àtẹ̀gùn bá kù díẹ̀.

(e) Fún àfín: Ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ríran jìnnà, oòrùn sì máa ń jó wọn lára. Kí a fún wọn ní ìjókòó iwájú nílé-kéwú, kí a kọ ìwé wọn gàdàgbà, kí a má sì ṣe fi wọ́n síbi iṣẹ́ inú oòrùn ní àgọ́ ìsinmi wa.

(ẹ) Fún gbogbo wọn: Ẹni náà gan-an ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe bi ẹni tí ó mú un wá pé, “Kí ni ó fẹ́?” nígbà tí òun náà wà níbẹ̀. Bí ó bá jù yín lọ, ẹ kí i bí ẹ ti ń kí àgbà. Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni kí ẹ pè é. “Arọ yẹn” kì í ṣe orúkọ. Ẹ má sì ṣe fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ dù ú. Ẹni tí ó lè ṣe akápò, kí ó ṣe akápò.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ aláàbọ̀ ara láàárín wa, ẹ̀yin náà ní ipa tiyín. Ẹ sọ ohun tí ẹ nílò, bí ʿItbān ti sọ tirẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Béèrè ẹ̀tọ́ kì í ṣe bárà.

ÌPARÍ

Ẹ̀dá kò láròpin. Ẹni tí ara rẹ̀ pé lónìí kò mọ ohun tí ọ̀la yóò bí, bí ẹ̀mí bá sì gùn, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di arúgbó tí orúnkún rẹ̀ kò ní lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ọ̀nà tí a bá ṣe fún ọmọ ìyá wa nísinsìnyí, àwa náà lè gbà á kọjá. Kí Ọlọ́hun ṣí ọkàn wa payá, kí Ó fàyè gbà wá nínú ọlà Rẹ̀ bí a ti ń fàyè gba ara wa, kí Ó sì kó gbogbo wa jọ sí sáfù kan náà ní Àlùjánà. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín sàráà àti ìfàyègbà tó bọ́gbọ́n mu? Ẹ fi àpẹẹrẹ kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn.

2. Nínú ìtàn Ibn Ummu Maktūm gẹ́gẹ́ bí ládàánì, kí ni ojúlówó iṣẹ́ náà, kí sì ni àtúnṣe tí wọ́n ṣe?

3. Kí ni ìdí tí Ànábì fi béèrè ibi tí ʿItbān fẹ́ kí òun ti kírun?

4. Báwo ni ìtàn ʿAmr ọmọ Al-Jamūh ṣe bá àwọn òbí tí ń fi ọmọ aláàbọ̀ ara pamọ́ sílé wí?

5. Iṣẹ́ oṣù yìí: Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yí mọ́sálásí tí ó ń lò ká, láti ẹnu géètì dé ibi àlùwàlá àti dé sáfù àkọ́kọ́, àti apá àwọn obìnrin pẹ̀lú. Kí wọ́n mú aláàbọ̀ ara kan, ó kéré tán, dání, kí òun sì ni yóò sọ ibi tí ìdíwọ́ wà. Kí wọ́n kọ ohun mẹ́ta tí ó lè yí padà kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀kan.